Láti Pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì Dé Fírísà: Bí Ọ̀rọ̀ Ẹnu Olóṣèlú Ṣe Ń Di Yẹ̀yẹ́ Ìlú

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ọdún 2024, Olóyè Adébáyọ̀ Adélabú, Mínísítà fún Iná Mànàmáná, jókòó síwájú àwọn oníròyìn ní Àbújá. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fowó lé iná àwọn oníbàárà Band A ni. Náírà 68 tí wọ́n ń san lórí kílówáàtì kan fún wákàtí kan ti fò di náírà 225. Mínísítà ń ṣàlàyé pé torí iná ò wọ́n la ṣe ń fi í ṣòfò. Ó ní ẹlòmíì á jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, á fi fírísà rẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, bẹ́ẹ̀ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ti dì gbagidi, tí kò sì ní yọ́ kó tó dé.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀, fírísà ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Àwàdà lórí àwàdà. Ní Ìbàràpá níbí, fírísà tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń kó ìgò òfìfo àti aṣọ àtijọ́ sí, torí náà ẹ̀rín tiwa tiẹ̀ lè ju tàwọn ará Àbújá lọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lè má fura sí. Mínísítà yìí ní orúkọ kan tí wọ́n ń pè é nílé. Báyọ̀ Pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì ni. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ ni orúkọ náà, ó jogún rẹ̀ ni. Bàbá bàbá rẹ̀, Adégòkè Adélabú, ló ni ín. Orúkọ ọ̀hún fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tó bọ́ lẹ́nu olóṣèlú, táwọn èèyàn gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì fi ṣe ohun tó wù wọ́n. Ká tó bí YouTube, ká tó bí WhatsApp, ilé kan náà ní Ìbàdàn ti fún wa ní meme. Ìyẹn la ṣe fẹ́ tọpa ìtàn náà látilẹ̀, ká lè mọ ohun tí ẹ̀rín wa ń ṣe fún wa àti ohun tó ń gbà lọ́wọ́ wa.

ADÉGÒKÈ ADÉLABÚ

Ọdún 1915 ni wọ́n bí Adégòkè Adélabú. Ó lọ sí Government College, Ìbàdàn, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dọ́ba, ó sì fẹ́ràn láti máa fi ọ̀rọ̀ ńláńlá dárà. Nígbà tó di 1954, òun ni alága ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàdàn. Ó ṣe mínísítà ìjọba àpapọ̀, ó sì tún di olórí àwọn alátakò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ ẹgbẹ́ NCNC, níbi tó ti ń wa ẹnu kò pẹ̀lú Action Group ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀.

Nínú irú ọ̀rọ̀ òṣèlú báyìí ló ti pe nǹkan kan ní "peculiar mess". Àwọn mẹ̀kúnnù tó ń tẹ̀ lé e, tí ọ̀pọ̀ wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, gbọ́ ohùn náà, ó dùn mọ́ wọn létí, wọ́n bá sọ ọ́ di pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì. Ó di orúkọ ọkùnrin náà. Ó di orúkọ rúkèrúdò èyíkéyìí tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta 1958, Adélabú kú nínú ìjàǹbá mọ́tò lọ́nà Èkó sí Ìbàdàn, ìlú sì gbóná nítorí ikú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò bá a kú o. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká kọ ìwé nípa ìgbésí ayé rẹ̀ nígbà èwe ní Ìbàdàn, tó jáde ní 1994, ọ̀rọ̀ yẹn ló fi sínú àkọlé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tó gbà rìn. Kò sí fídíò. Ẹnu ló gbé e láti ọjà dé ọjà, láti gárééjì dé gárééjì. Bó sì ṣe ń lọ ló ń yí padà, títí tí Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ fi tán pátápátá. Ẹni tó bá ń lò ó lónìí ò nílò kó mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni tẹ́lẹ̀. Àwọn èèyàn ti gbà á tán, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ.

Àṣà yìí kì í ṣe tuntun sí Yorùbá. Lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn, tọmọdé tàgbà ló máa ń jáde kọrin èébú sí ẹni tó bá wù wọ́n, ì báà jẹ́ olówó, ì báà jẹ́ olóyè, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ bínú. Ní Kétu àti Yewa, òru Ẹ̀fẹ̀ wà, níbi tí agbẹ̀fẹ̀ ti máa ń fi orin tú àṣírí aláṣejù láàárín ìlú. Ẹni tó ní agbára láti fi ọ̀rọ̀ gbá wa létí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àwa náà ní ọjọ́ tiwa.

ÀWO ŃLÁ TÓ WÀ NÍ LÁNLÁTẸ̀

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n kọ́kọ́ dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọjọ́ yẹn lọ́wọ́ wa. Ní 1953, Gómìnà Macpherson sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó bu ẹnu àtẹ́ lu Action Group. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè kí òun fèsì, wọ́n kọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ohun tó mú kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, tí WNTV fi bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959. Ẹni tó bá ni ẹ̀rọ ló ni ọ̀rọ̀. Olóṣèlú á wọ agbádá rẹ̀, á ka ohun tó ti kọ sílẹ̀, àwa á jókòó, a ó máa wò.

Àwa ọmọ Lánlátẹ̀ mọ ìyẹn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ìlú wa ni ìjọba àpapọ̀ gbé ibùdó sátẹ́láìtì sí, èyí tí ìpè láti òkè òkun àti àwòrán tẹlifíṣọ̀n ń gbà wọ Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n dá NITEL sílẹ̀ ní 1985, ọwọ́ rẹ̀ ni ibùdó náà bọ́ sí. Àwo ńlá ń kọjú sí ojú ọ̀run láàárín oko wa, ayé ń gba orí wa kọjá, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni nínú ìlú tó lè ti ibẹ̀ rán àwòrán kan ṣoṣo sí ẹnikẹ́ni. Lónìí NITEL ti wọlẹ̀. Ọmọ tó ń ta káàdì fóònù nítòsí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ní Lánlátẹ̀ lè gé ọ̀rọ̀ Ààrẹ sí ìdajì, kó sì rán an dé Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó fún oníbàárà rẹ̀ ní ṣéńjì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì nìyí. GSM dé ní oṣù Kẹjọ 2001. Fóònù tó ní kámẹ́rà tẹ̀ lé e, YouTube àti Facebook náà dé. Ní 2013, ọ̀gá kan nínú àjọ NSCDC ní Èkó lọ sórí ètò àárọ̀ ti Channels, wọ́n bi í ní àdírẹ́sì ìkànnì àjọ rẹ̀, kò rí i pè, ló bá ti ọ̀rọ̀ náà sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ tó wà lókè. "My oga at the top." Kíá, wọ́n ti fi ṣe orin, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sára ṣẹ́ẹ̀tì. Ìgbà yẹn ni gbogbo orílẹ̀-èdè rí i pé ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré lórí tẹlifíṣọ̀n lè pẹ́ láyé ju ètò tó ti jáde lọ.

OHUN TÓ Ń GÉ FÍDÍÒ

Àwa tó jẹ́ pé kóòdù kíkọ la fi ń jẹun mọ̀ pé kì í ṣe aláwàdà nìkan ló ń gé ọ̀rọ̀ olóṣèlú kúrú. Ìṣirò wà níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, fídíò tó bá ju mẹ́gábáìtì 16 lọ kì í kọjá lórí WhatsApp. Nígbà tí Status tuntun dé ní 2017, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ni fídíò kan lè lò níbẹ̀. Ẹ fi owó dátà kún un. Ọ̀rọ̀ tó gba odindi wákàtí ò ní ibi tó máa gbà kọjá, àfi kí ẹnìkan fi àdá gé e. Ibi tó bá sì dùn jù ló máa gé.

Bí fídíò bá ti ń ti ọwọ́ kan dé òmíràn, ẹ̀rọ á tún máa tẹ̀ ẹ́ pọ̀ kó lè fúyẹ́. Ojú á máa ṣú, ohùn á máa há. Ọjọ́ tí wọ́n ya á àti ibi tí wọ́n ti ya á á ti já bọ́ lọ́nà. Lórí TikTok, èèyàn tiẹ̀ lè yọ ohùn nìkan kúrò, kó sì máa fi ẹnu tirẹ̀ bá a lọ nínú yàrá rẹ̀. WhatsApp gbìyànjú láti dá eré náà dúró díẹ̀. Ní 2019, ẹ ò lè fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí ju ibi márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan. Ní 2020, èyí tó bá ti rin ìrìn àjò jù, ibì kan ṣoṣo ló kù. Ṣùgbọ́n ìyẹn ń dín ìrìn rẹ̀ kù ni, kò dá ohun tó já bọ́ padà.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wa àtàwọn tó sọ pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì lórúkọ nìyí. Àwọn yí ọ̀rọ̀ padà, ojú ẹni tó sọ ọ́ ò sí níbẹ̀. Àwa kì í yí ọ̀rọ̀ padà, a máa ń mú un bó ṣe jẹ́, tojú tohùn, a kàn ń gé e kúrò lára ẹjọ́ tó wà nínú rẹ̀ ni. Nígbà míì sì rèé, ẹjọ́ yẹn ni ohun tó ṣe pàtàkì jù.

ẸKÚN TÓ DI Ẹ̀RÍN

Ní òru ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin 2014, Boko Haram kó àwọn ọmọbìnrin 276 ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní Chibok. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, ìyàwó Ààrẹ, Patience Jonathan, pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà ní Àbújá, tẹlifíṣọ̀n sì wà níbẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ ẹnìkan bóyá òun nìkan ló wá: "Na only you waka come?" Ó bú sẹ́kún. Ó ń pe Ọlọ́run: "Diaris God o!"

Ta ni kò mọ ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn? Wọ́n di orin, wọ́n di ohùn tí fóònù fi ń dún. Títí dòní, bí ẹnìkan bá dá wá síbi ìnáwó, "na only you waka come" ni wọ́n á fi kí i. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn pàápàá ń sọ ọ́. Ẹ wá bi í léèrè ohun tí ìpàdé náà dá lé lórí. Nígbà tó pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n kó àwọn ọmọ náà lọ, ó lé ní 80 nínú wọn tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa òwe yẹn mọ ohun tó ń pa á lẹ́kún kó tó rẹ́rìn-ín. Meme yìí fún wa ní ẹ̀rín, ó mú ìdí ẹkún lọ.

"ÈMI LÓ KÀN"

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà 2022, Bọ́lá Tinúbú wà ní Abẹ́òkúta, ó ń bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ APC ìpínlẹ̀ Ògùn sọ̀rọ̀. Ìdìbò abẹ́lé ku ọjọ́ díẹ̀, ó sì hàn pé inú ń bí i. Yorùbá ló sọ. Ó rántí bí Muhammadu Buhari ṣe díje lẹ́ẹ̀kíní, tó lulẹ̀, lẹ́ẹ̀kejì, tó lulẹ̀, lẹ́ẹ̀kẹta, tó tún lulẹ̀. Ó ní òun lòun lọ bá a pé kó tún jáde, pé bí kì í bá ṣe tòun ni, kò lè wọlé. Ó nawọ́ sí Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún tó wà níbẹ̀, ó pè é ní "eléyìí", ó ní òun ló ran òun náà lọ́wọ́. Ó wá kádìí ọ̀rọ̀ pé Yorùbá ló kàn, nínú Yorùbá, èmi ló kàn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ó bí meme mẹ́ta: "ó lulẹ̀", "eléyìí", "èmi lókàn". Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá ń ka ìtumọ̀ rẹ̀ lábẹ́ fídíò pé ó ti kan òun, ṣùgbọ́n adùn "kàn" ò sí nínú ìtumọ̀ náà. Ṣebí ìlà omi la ti mọ̀ ọ́n. Gáláàsì tó wà lẹ́yìn tìrẹ, òun ló kàn. A sì tún mọ̀ ọ́n láàfin. Láti ìgbà Òfin Oyè ti Ìwọ̀-Oòrùn ti 1957, ọ̀pọ̀ ìlú ló ti kọ orúkọ àwọn ìdílé ọba wọn sílẹ̀ àti bí yóò ṣe máa yí láàárín wọn. Bí ọba bá wàjà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ìdílé wo ló kàn. Ọkùnrin yìí mú ọ̀rọ̀ oyè, ó gbé e lé orí àga tó jẹ́ pé ìbò ló yẹ kó gbé èèyàn débẹ̀. Ìdí tó fi pa wá lẹ́rìn-ín nìyẹn. Ohun tí gbogbo olóṣèlú ń rò ló sọ síta láìfọ̀rọ̀ pamọ́.

Alága ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn, Abdullahi Adamu, bínú sí ọ̀rọ̀ tó sọ nípa Buhari, Tinúbú sì ṣàlàyé pé òun ò ní àrífín lọ́kàn. A rò pé ẹnu ti kó bá a. Kò kó bá a rárá. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó jẹ ìdìbò abẹ́lé pẹ̀lú ìbò 1,271, Rotimi Amaechi tó ṣe ìkejì ní 316. Àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ gba "èmi lókàn" lọ́wọ́ àwọn tó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sọ ọ́ di orin ìpolongo. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 2023, INEC kéde pé ó ti wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Adémọ́lá Adélékè ṣe ní Ọ̀ṣun. Wọ́n fi ijó rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà títí, ó jó wọ ilé ìjọba ní 2022.

Adégòkè Adélabú ò lè gba pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì padà bí ẹ̀yin bá ti sọ ọ́ di tiyín, torí ọ̀rọ̀ náà ò jọ ohun tó sọ mọ́. Fídíò yàtọ̀. Ojú olóṣèlú ṣì wà níbẹ̀, ohùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá fi ránṣẹ́, òun là ń bá polówó. Nínú gbogbo ẹ̀rín náà, ìwọ̀nba díẹ̀ ló dúró lórí ohun tó jẹ́ ẹ̀rí gan-an nínú ọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta: pé ọkùnrin kan jókòó, ó sì fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé bí èèyàn bíi mélòó kan ṣe ń pín Nàìjíríà láàárín ara wọn. Ẹ̀rí nìyẹn. A fi ṣe ohùn TikTok.

FÍRÍSÀ ŃKỌ́?

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Mínísítà Iná, torí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ sí méjèèjì. Kò sẹ́ni tó lè fi fírísà polongo ìbò. Kò sì sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín fírísà kó má rántí iná. Àwàdà náà fúnra rẹ̀ ni ẹjọ́ náà: iná wo lẹ ní a fi ń ṣòfò? Ẹni tó bá sọ pé "ẹ bá mi pa fírísà o" nínú òkùnkùn ti dá mínísítà lóhùn tán. Irú ẹ̀rín yìí ló jọ ti Òkèbàdàn, èyí tó gbé ẹjọ́ rẹ̀ dání.

Ibi tí a ti ń wo ó nìyí. Kí a tó fi fídíò olóṣèlú ránṣẹ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ ká bi ara wa: bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí bá wò ó, ṣé ó máa mọ ohun tó ń dùn wá, àbí ẹ̀rín nìkan ló máa rí? Bó bá jẹ́ ẹ̀rín nìkan, iṣẹ́ kékeré ló kù. Ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ẹ kọ ìlú tó ti sọ ọ́ àti ohun tí wọ́n ń jíròrò lé lórí. Ẹ tọ́jú odindi fídíò náà síbì kan, kó má jẹ́ gígé nìkan ló máa kù. Ní àkókò tí kọ̀ǹpútà ti lè ṣe ojú àti ohùn ẹnikẹ́ni, odindi yẹn náà la máa fi mọ ojúlówó.

Ẹ bi àwọn ọ̀dọ́ Ìbàdàn léèrè lónìí: kí ni pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì? Wọ́n á dáhùn kíá. Ẹ wá bi wọ́n pé kí ni Adélabú ń bá Action Group jà lé lórí nígbà náà. Àwọn tó máa dáhùn ò ní pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà yè, ẹjọ́ náà kú. Láti 1958 sí 2024 jẹ́ ọdún 66. Bí ọmọ Lánlátẹ̀ kan bá ṣì ń dá àpárá fírísà ní 2090, ó wù wá kó mọ̀ pé náírà 68 ló di 225 lọ́dún náà, àti pé kò síná.